Ẹ̀yìn tó ń ro yín, ta lẹ fẹ́ gbé e fún?

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo lọ gẹrun ní ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò wa ní Mushin. Ọkùnrin kan ló wà lórí àga ṣáájú mi. Bí onígbàjámọ̀ ṣe gẹrun rẹ̀ tán, ló bá fi ọwọ́ kan di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó fi èkejì di ìpàkọ́, ó sì yí orí náà gbìrí! Gbogbo wa la gbọ́ "kọ́!" Ẹ̀rín pa àwọn tó jókòó. Oníbàárà fọwọ́ pa ọrùn, ó ní, "Ó ti wọlé!" Nígbà tó kàn mí, mo ní irun nìkan ni kí wọ́n bá mi gẹ̀ o, ọrùn kò sí nínú owó tí mo fẹ́ san.

Wọ́n ní ojo ni mí. Wọn ò mọ ohun tójú mi ti rí ni.

Bọ̀dá kan wà lójúlé kejì sí wa tó ń wa danfo láti Ọ̀ṣòdì sí Ìyànà-Ìpájà. Láti aago mẹ́rin òru ló ti ń jókòó sídìí ọkọ̀, ó di alẹ́. Ìbàdí ń ro ó, kò kà á sí. Tó bá délé, á dojú bolẹ̀, á ní kí ọmọ òun gun òun lẹ́yìn, kó máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ilé tí wọn kì í ti í ṣe é kò pọ̀. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Dípò ọsibítù, ẹnì kan ní gárééjì mú un lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tẹ ẹ̀yìn. Ìyẹn gbé orúnkún lé e, ó fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, bọ̀dá kò mọ ìgbà tí ìtọ̀ ń dà lára òun mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló sáré wá kanlẹ̀kùn mi: "Bọ̀dá oníwèé ìròyìn, ẹ gbà mí o, bàbá àwọn ọmọ mi ò lè dìde!"

Dókítà ní ohun tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn ló yọ síta, tó ń tẹ àwọn iṣan tó lọ sí ìdí àti ẹsẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó ti ń rìn báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀pá ló fi ń rìn, ẹlòmíràn ló sì ń wa ọkọ̀ rẹ̀. Dókítà ò sọ pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló fà á o. Ohun tó sọ ni pé ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú ló yẹ kí wọ́n ti gbé e wá.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn kò mọ sọ́dọ̀ onídanfo nìkan. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní lọ́dún 2020, èèyàn mílíọ̀nù 619 ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń ro lágbàáyé, ìyẹn bí ẹnì kan nínú mẹ́tàlá. Ẹ wo télọ̀ tó tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ẹ wo ìyá tó pọnmọ tó tún ru ẹrù, ẹ wo akọ̀wé tó fi wákàtí mẹ́ta jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kó tó dé ọ́fíìsì.

Àwọn òyìnbó ní iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní chiropractic, ìyẹn fífi ọwọ́ tọ́jú ẹ̀yìn àti oríkèé ara. Daniel David Palmer ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Davenport, ní ìpínlẹ̀ Iowa l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1895. Ọkùnrin adúláwọ̀ kan tó ń tọ́jú ilé, Harvey Lillard, ló kọ́kọ́ tọ́jú. Etí Lillard ti di, wọ́n ní ó sì ṣí. Ìtàn yẹn dùn, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ẹ̀ gbé adití lọ síbẹ̀ o. Kò sí ẹ̀rí gidi pé títẹ ẹ̀yìn ń wo etí, tàbí ikọ́ fée, tàbí ìkókó tó ń ké lóru. Ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló ní ẹ̀rí díẹ̀. Ní December 2023, WHO ka ìtọ́jú ọwọ́ àti ìfọwọ́ra mọ́ ohun tó lè ran àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ti ń ro ju oṣù mẹ́ta lọ lọ́wọ́, pẹ̀lú eré ìdárayá. Bẹ́líìtì ìbàdí tí ẹ ń rà lójú títì ńkọ́? Wọ́n ní àwọn ò gbà á nímọ̀ràn.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kì í sáré gbá yín mú. Á kọ́kọ́ bi yín léèrè: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ṣé ẹ ṣubú, ṣé ẹ lóyún, irú oògùn wo lẹ ń lò? Á yẹ̀ yín wò, á sọ ohun tó fẹ́ ṣe, á sì dúró tẹ́ ẹ bá ní ó ń dùn yín. "Kọ́" tẹ́ ẹ ń gbọ́ yẹn kì í ṣe eegun tó padà sáyè rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú omi oríkèé ni, bíi ti ìka tẹ́ ẹ ń ṣẹ́.

Iṣẹ́ òyìnbó yìí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n àwọn físíò wà ní ọsibítù eegun Ìgbòbì, ní LUTH n'Ídìí-Àràbà, àti ní UCH n'Íbàdàn. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ni.

Ní ti ọrùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ọpọlọ gba inú eegun ọrùn kọjá. Tí wọ́n bá yí i gbìrí, ó lè ya, kó sì di àrùn rọpárọsẹ̀. Kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kó kan òun? Tí ẹ̀yìn bá sì ń ro yín tí ẹsẹ̀ ń kú, tí ìdí ò mọ̀ ọ́n lára mọ́, tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń ṣe ségesège, tí ibà wà níbẹ̀ tàbí ẹ̀ ń rù láìnídìí, ọsibítù ni kẹ́ ẹ forí lé lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹ̀yìn kan ṣoṣo lẹ ní o. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.