Ẹ Kì Í Ṣe E: Ọ̀rọ̀ Lórí Òfin Ìtò Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè kọ́kọ́ jọ ti àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan. Ẹ fara balẹ̀ bá mi dé ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ álífábẹ́ẹ̀tì wa ni.

Ní Kétu níhìn-ín, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe (bí ó ṣe wà lára pátákó ni mo ṣe kọ ọ́, láìsí àmì kankan), ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tajà ní Mile 12. Ìwé orúkọ méjì ni wọ́n ní nínú kọ̀ǹpútà. Ti àtijọ́ ní orúkọ àti ọjọ́ ìwọlé ẹnì kọ̀ọ̀kan. Inú ti tuntun ni wọ́n ń kọ owó tí oníkálukú ń dá sí. Nígbà tí ó tó àkókò láti pín èrè ọdún, wọ́n ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń bá wọn ṣiṣẹ́ so ìwé méjèèjì pọ̀, kí orúkọ lè pàdé owó. Kọ̀ǹpútà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òfin tí ó de orúkọ inú ìwé kìíní yàtọ̀ sí èyí tí ó de ti inú ìwé kejì, òun kò sì mọ èyí tí òun yóò tẹ̀ lé.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní collation ni mo pè ní òfin ìtò. Òun ni ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí lẹ́tà ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn, àti lẹ́tà tí yóò kà sí ọ̀kan náà nígbà tí ó bá ń fi ọ̀rọ̀ kan wé òmíràn. Bí a bá fi orúkọ tí ó wà lábẹ́ òfin kan wé èyí tí ó wà lábẹ́ òmíràn, kọ̀ǹpútà kì í dédé yàn fún wa. Ó máa ń dúró ni, títí a ó fi kọ ọ̀rọ̀ náà COLLATE sínú ìbéèrè wa, kí a sì dárúkọ òfin tí a fẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí dárúkọ èyí tí ó le jù. Ó ní kí kọ̀ǹpútà fi nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wé ara wọn, láìwo ohun mìíràn. Iṣẹ́ parí, wọ́n tẹ ìwé jáde, ni ariwo bá sọ. Àwọn kan wà nínú ìwé tí kò ní kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ń dá owó láti oṣù kìíní. Nígbà tí mo wo orúkọ wọn, ọkàn mi bàjẹ́. Gbogbo wọn pátá ni ó ní àmì ìsàlẹ̀: Ṣẹ́gun, Bọ́sẹ̀, Àṣàkẹ́. Àwọn tí orúkọ wọn wà níhòòhò, Sikiru àti Bintu, kò sí ohun tí ó ṣe wọ́n. Ẹni tí ó rí i dájú pé a kọ orúkọ òun dáadáa ni ó pàdánù.

Ohun tí ó fà á kò hàn sí ojú. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà kọ Ṣ sínú kọ̀ǹpútà. Ó lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo tí ó ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, U+1E62. Ó sì lè jẹ́ S lásán tí àmì ìsàlẹ̀, U+0323, tẹ̀ lé. Lójú wa, ọ̀kan ni wọ́n. Lójú ẹni tí ó ń ka nọ́ńbà, wọn kò bára tan rárá. Ti Ẹ́ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó kó àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn pọ̀. Tipátipá ni yóò fi jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Àtúnṣe rẹ̀ kò nira. Kí a sọ gbogbo orúkọ di ìrísí kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC, kí wọ́n tó wọ inú ìwé rárá.

Ṣùgbọ́n àtúnṣe tí wọ́n fẹ́ ṣe kọ́ nìyẹn. Wọ́n ní kí a yọ gbogbo àmì kúrò lára orúkọ nínú ìwé méjèèjì, kí àlàáfíà lè jọba. Ibẹ̀ ni mo ti bá wọn jà, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń bá ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jà títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a ń sọ nù. Owó tí ènìyàn dá, òwò tí ó mú un wá, ọwọ́ tí ó kà á, ọ̀wọ̀ tí ó yẹ ẹni tí ó ni ín àti ọwọ̀ tí a fi gbá ìsọ̀, gbogbo rẹ̀ di «owo». Ẹ̀pẹ́, ìlú ńlá ní Ìpínlẹ̀ Èkó, di ọ̀kan pẹ̀lú èpè. Oko tí ata ti wá àti ọkọ̀ tí ó gbé e dé Mile 12 di nǹkan kan náà. A kò tilẹ̀ ní láti fọwọ́ ara wa yọ àmì kí èyí tó ṣẹlẹ̀: òfin ìtò tí MySQL ń lò láti ìgbà ẹ̀dà 8.0 ní ọdún 2018, bí ènìyàn kò bá yan òmíràn, kì í ka àmì sí. Kí ó tó dìgbà náà, òfin àwọn ará Sweden ni ó ń lò, nítorí pé Sweden ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. N kò bú wọn. Álífábẹ́ẹ̀tì wọn ni wọ́n mọ̀, òun ni wọ́n fi sí i. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé MySQL ní òfin fún èdè Látìn, tí ọmọ kankan kò fi sunkún mọ́, ó sì ní fún Esperanto, ṣùgbọ́n kò ní fún Yorùbá.

Àwọn kan yóò ní, «Kí ló dé tí kò fi sí òfin kan ṣoṣo fún gbogbo ayé?» Kò lè sí i. Ẹ wo lẹ́tà ẹ yìí. Àwọn ará Vietnam náà ń kọ ọ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, àmì ohùn ni àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. E ni lẹ́tà náà ṣì jẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni, orí rẹ̀ ni a fi àmì ohùn sí. Nọ́ńbà kan náà, ìtumọ̀ méjì. Nítorí náà, ní tèmi, kọ̀ǹpútà kò jẹ̀bi nígbà tí ó dúró tí ó béèrè òfin ẹni tí òun yóò tẹ̀ lé. Ìdáhùn wa ni ó kù díẹ̀ káàtó.

Ìdáhùn tí ó tọ́ sì wà. Òfin ìtò Yorùbá ti wà nínú àkójọ CLDR tí ẹgbẹ́ Unicode ń tọ́jú: ẹ lẹ́yìn e, gb lẹ́yìn g, ọ lẹ́yìn o, ṣ lẹ́yìn s. Lábẹ́ rẹ̀, ìyàtọ̀ o sí ọ jẹ́ ìyàtọ̀ lẹ́tà sí lẹ́tà, ìyàtọ̀ ohùn sì wà ní ipò kejì, tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ fi máa ń sún mọ́ ara wọn, tí oko sì wà ní àyè tirẹ̀. Láti ìgbà ẹ̀dà 10 ní ọdún 2017 ni PostgreSQL ti lè lò ó.

Mo gbà pé ọ̀pọ̀ wa kò ní bọ́tìnnì tí a lè fi tẹ ẹ tàbí ṣ. Ẹni tí ó bá ń wá Ṣọlá, tí ó sì tẹ Sola, kí kọ̀ǹpútà bá a wá a. Nínú ìwákiri, àforíjì yẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ibi tí a ti ń sọ pé ẹni yìí ni ẹni yẹn, àforíjì kò sí níbẹ̀ mọ́. (Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ ni ó yẹ kí a fi so ìwé pọ̀, kì í ṣe orúkọ. Òótọ́ ni. Ìwé àtijọ́ náà kò ní nọ́ńbà.) Àwọn nǹkan kan sì wà tí òfin ìtò kò lè wò sàn: ìjọba kan náà ni ó fi sh kọ Oshodi, tí ó sì fi s lásán kọ Somolu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti rú mi lójú ni ti Kétu kejì. Kétu tí Aláketu ń jọba lé wà ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn onífaransé a sì máa kọ ọ́ ní Kétou. Láti ọdún 1975 ni Benin ti ní álífábẹ́ẹ̀tì fún àwọn èdè ibẹ̀, nínú èyí tí ẹ tiwa jẹ́ ɛ, tí ọ sì jẹ́ ɔ. Ẹja tí wọ́n ń tà ní Mile 12 yóò di ɛja lọ́hùn-ún. Kò sí àmì tí ènìyàn lè yọ kúrò lára ɛ kí ó tó di e, nítorí náà yíyọ àmì kò lè so Kétu méjèèjì pọ̀. A ní láti sọ fún kọ̀ǹpútà ní gbangba pé ẹ àti ɛ jẹ́ ọ̀kan, èyí sì gba pé kí àwọn ará ìhín àti àwọn ará ọ̀hún jókòó pọ̀, bí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe jókòó ní Èkó ní ọdún 1875 lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí sílẹ̀.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, a kó ìwé méjèèjì sínú PostgreSQL, a sọ àwọn orúkọ di ìrísí kan, a fi òfin Yorùbá dè wọ́n. Àṣàkẹ́ gba èrè rẹ̀. Akọ̀wé nìkan ni ó ṣì ń ṣàròyé pé òun kò rí Gbénga níbi tí ó máa ń wà. Mo ní kí ó ka gbogbo àwọn G tán ná, kí ó tó wá a.