Oṣooṣù Ni Owó Iṣẹ́, Ọdọọdún Ni Owó Ilé

Oṣooṣù ni olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ báńkì ń gbowó l'Ékòó. Ojoojúmọ́ ni awakọ̀ dánfó àti ìyá aláta ń rí tiwọn. Ilé tí gbogbo wọn ń sùn sí nìkan ló ń bèèrè owó ọdún kan gbáko lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n tó gbé ẹní wọlé. Nínú ohun tó ń sọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kárakára di onígbèsè nílùú yìí, mi ò rí èyí tó burú tó o.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde lọ́dún 2024 jẹ́ ₦85,000. Bí òṣìṣẹ́ kan bá kó o jọ fún oṣù méjìlá, tí kò jẹ, tí kò mu, tí kò wọkọ̀, ₦1,020,000 ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní ó wá rí yàrá kan àti pálọ̀ tí owó rẹ̀ jẹ́ ₦800,000 lọ́dún. Ajẹ́ńtì yóò gba ìdá mẹ́wàá owó náà. Lọ́yà tó kọ àgírímẹ́ǹtì yóò gba iye kan náà. Bí onílé bá tún bèèrè ìdá mẹ́wàá mìíràn nítorí ohun tó bá bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ di ₦1,040,000. Iṣẹ́ ọdún kan kò tó wọ ilé náà!

Ibo ni àwọn èèyàn ti wá ń rí i? Àwọn kan ń dá àjọ, àwọn kan ń yá a lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Oníṣòwò a fọwọ́ kan owó ọjà, ìsọ̀ rẹ̀ a sì gbẹ fún oṣù mélòó kan. Ẹni tí kò rí ẹgbẹ́ kankan a lọ bá olówó èlé. Lóṣù kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé òṣùwọ̀n èlé tirẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tí mẹ̀kúnnù ń san sì ju ìyẹn lọ. Nígbà tó bá yá owó elélé yìí tán, ọwọ́ onílé ló ń kó o lé, oṣù méjìlá ṣáájú, láì gba kọ́bọ̀ èlé. Ayálégbé tó ń jẹ gbèsè ló wá ń yá onílé lówó.

Owó ilé yìí tún ń lé òṣìṣẹ́ jìnnà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Òkun wà níwájú Èkó, ọ̀sà wà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n etí omi ti di ti olówó. Lóṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun wó àdúgbò mẹ̀kúnnù kan létí omi tó ń jẹ́ Màrókò lulẹ̀, ó sì lé nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún èèyàn kúrò níbẹ̀. Ilé olówó ńlá ló kún ilẹ̀ náà lónìí. Iṣẹ́ ṣì wà ní Victoria Island àti Lẹ́kí, àmọ́ Ìkòròdú, Ọ̀tà, Ìbàfò àti Mówé ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ń sùn. Ohun tí wọ́n rò pé àwọn dín kù nínú owó ilé, ọkọ̀ ń gbà á padà lójoojúmọ́, oorun wọn náà sì ń bá a lọ.

Òfin wà o. Òfin ayálégbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó ti ń gbé ilé lóṣooṣù, wọn kò gbọdọ̀ bèèrè ju owó oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rú u yóò san ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Síbẹ̀, a ń gbọ́ onílé tó ń bèèrè owó ọdún méjì ní gbangba. Òfin náà yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Ibi tó sì dé pàápàá, ta ni ayálégbé tó ń wá ilé lójú méjèèjì tó máa pe onílé lẹ́jọ́?

Ẹ̀rù onílé náà kì í ṣe irọ́. Ọ̀pọ̀ wọn fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́ ilé ni, owó ilé yìí ni wọ́n fi ń jẹun. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀, owó sìmẹ́ńtì, páànù àti irin ti ga sókè. Ayálégbé tí kò sanwó mọ́ sì lè fa ẹjọ́ gùn títí yóò fi sú onílé. Bí a bá fẹ́ kí onílé gba owó oṣooṣù, ó yẹ kí kóòtù lè dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láàrin oṣù díẹ̀. Ìjọba ló lè ṣe ìyẹn. Òun náà ló yẹ kó tún máa kọ́lé. Lateef Jakande tó jẹ́ gómìnà láti 1979 sí 1983 kọ́ ilé mẹ̀kúnnù káàkiri ìpínlẹ̀ náà, àwọn èèyàn ṣì ń gbé inú wọn títí dòní.

Àṣà owó ọdún kan kò tọ̀run wá, àwa la dá a sílẹ̀. Ayálégbé, ẹ máa gba rìsíìtì gbogbo owó tí ẹ bá san. Òfin 2011 ló ní kí onílé fún yín. Ẹ̀yin onílé tí ẹ ti ní ayálégbé tó ń sanwó déédéé láti ọdún mélòó kan, ẹ gba tirẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ ti mọ ìwà rẹ̀, ewu rẹ̀ kò sì pọ̀. Owó tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò fi ṣòwò, òun náà ni yóò sì fi san owó ilé yín lásìkò.