Ta Ló Ń Rí Yín?

Ó ti sú mi. Bí mo bá wọ takisí ní Ìwó Ródù n'Íbàdàn lẹ́yìn aago méje alẹ́, tí mo ní kí awakọ̀ jọ̀ọ́ kó tan iná, èsì kan náà ni mo máa ń gbà: "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ń rí ọ̀nà." Èrò ẹ̀yìn á sì máa gbè é lẹ́sẹ̀. Àwọn tó kàwé, tó ń wa ọkọ̀ tiwọn, ń sọ ọ́ pẹ̀lú. Wọ́n ti gbà pé torí kí awakọ̀ lè ríran nìkan ni iná fi wà lára ọkọ̀. Bí òṣùpá bá ti yọ, tàbí tí iná òpópónà bá ń tàn, ó parí. Ọ̀rọ̀ tó ń pààyàn ni.

Ta ló bi yín bóyá ẹ ń ríran? Ta ló ń rí yín?

Ẹ wo ìyá tó palẹ̀ ọjà mọ́ ní Gbági, tó fẹ́ sọdá títì. Ẹrù wà lórí rẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo apá òsì, ó rí iná ọkọ̀ mẹ́ta lókèèrè, ó ṣírò pé òun á ti kọjá kí wọ́n tó dé. Ìṣirò rẹ̀ pé. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọkọ̀ kẹrin ti ṣáájú wọn, tí kò tan iná rárá, tí iná àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì fọ́ ìyá náà lójú tí kò fi lè rí i. Ọkọ̀ tó ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń gba nǹkan bíi mítà 22 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ mélòó ni ìyá náà lè gbé? Etí kò lè gbà á, jẹnẹrétọ̀ ń dún ní gbogbo ìsọ̀. Awakọ̀ á wá bọ́ sílẹ̀, á káwọ́ lérí, á ní òun rò pé ìyá náà rí òun ni. Níbo ni kó ti rí ọ? Kí lo fi hàn án?

Ní Sweden, láti 1977 ni òfin ti ní kí ọkọ̀ máa tan iná tọ̀sán-tòru. Ṣé awakọ̀ ibẹ̀ kì í ríran lọ́sàn-án gangan ni?

Ilẹ̀ tiwa kì í sì í pẹ́ ṣú. Bí oòrùn bá wọ̀, kò tó ìdajì wákàtí tí gbogbo rẹ̀ fi ń di biribiri, àkókò tí èrò ibi iṣẹ́ kún títì. Ojú awakọ̀ ń bá òkùnkùn mọ́ra díẹ̀díẹ̀, kò ní mọ̀ pé alẹ́ ti lẹ́.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tún ti dá kún un. Láyé àtijọ́, bí o kò bá tan iná, dáṣíbọ́ọ̀dù á dúdú, wàá rántí. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, bí ẹ́ńjìnnì bá ti dáhùn, dáṣíbọ́ọ̀dù ti mọ́lẹ̀. Láti 2011 ni òfin Yúróòpù sì ti ní kí irú ọkọ̀ tuntun máa ní iná ọ̀sán tó ń dá tàn. Iwájú nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ń tàn. Awakọ̀ rí ìmọ́lẹ̀ bíńtín níwájú, ó gbà pé òun ti tan iná; ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ dúdú, tírélà sì ń bọ̀.

Àwọn kan ní iná ń jẹ bátìrì. Irọ́ ni: bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, alternator ló ń gbé e, ẹ bi rìwáyà yín. Wọ́n ní gílóòbù ti wọ́n. Ṣé ó wọ́n tó pósí? Wọ́n ní Ọlọ́run ń ṣọ́ wọn. Ọlọ́run kọ́ ni yóò tẹ ṣíwíìṣì fún yín!

Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ tan iná ńlá. Bí òjò tàbí ọyẹ́ bá bo ojú ọjọ́, ẹ tan án lọ́sàn-án. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wo iná ẹ̀yìn kí ẹ tó kúrò ní gáréèjì. Ẹ̀yin èrò, bí awakọ̀ bá kọ̀ tí kò tan iná, ẹ má wọ ọkọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ti wọ̀ ọ́, ẹ ní kó dúró, kí ẹ sọ̀.