Ẹ Má Bọ́ Aṣọ Lára Àgbàdo Kó Tó Dénú Ìkòkò

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ọ̀rọ̀ àgbàdo ni mo gbé wá lónìí. Àsìkò rẹ̀ ti dé. Láti abẹ́ afárá Ajah títí dé Ṣàngótẹ̀dó, ìkòkò láńgbé ń hó lẹ́bàá títì. Síbẹ̀, ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwa akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Lekki ni pé àgbàdo wa le, kò dùn, pé èyí tí wọ́n ti bó tí wọ́n fi ọ̀rá wé sínú fíríìjì sùpámákẹ́ẹ̀tì ló ṣe é jẹ. Mi ò gbà. Àgbàdo ò ṣẹ̀ wá. Àwa la ò mọ̀ ọ́n rà, a ò sì mọ̀ ọ́n sè.

Àwọn àgbà ní ìhòòhò ni àgbàdo lọ sóko, igba aṣọ ló wọ̀ bọ̀ wálé. Aṣọ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Háhá ni kì í jẹ́ kí omi ara àgbàdo gbẹ. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti ya á ni ṣúgà inú rẹ̀ ti ń di sítáàṣì, bí ooru bá sì ṣe mú tó ni yóò ṣe yá tó. Ẹ wá ro ti èyí tó kúrò ní Mile 12 láàárọ̀, tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títí dé Ajah. Tí wọ́n bá tún wá bó o, tí wọ́n gbé e kalẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ló kù tí ẹ fẹ́ jẹ?

Wọ́n á ní sweet corn ń dùn. Òótọ́ ni. Irú tirẹ̀ nìyẹn: ṣúgà rẹ̀ pọ̀, kì í sì í tètè di sítáàṣì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ láńgbé ń wá ohun tí eyín yóò mọ̀ pé òun jẹ, tí yóò bá àgbọn rìn, tí yóò sì gbé inú ró títí kíláàsì ọ̀sán yóò fi parí. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àgbàdo ilẹ̀ wa ò ní láárí. Lọ́dún 2012 ni àgbàdo aláwọ̀ ọsàn tó ní fítámì A dáadáa jáde fún àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà, IITA tó wà ní Ìbàdàn sì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Báwo ló ṣe yẹ ká sè é? Ẹ bi ìyá alágbàdo pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbà wo ni wọ́n ya á?” Kí háhá rẹ̀ tutù, kí ó sì dúdú minimini. Ẹ fi èékánná tẹ hóró kan: bí omi bíi wàrà bá tú jáde, ẹ rà á. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ lọ̀ ọ́ ṣe ògì. Nílé, háhá òde tó dọ̀tí nìkan ni kí ẹ bọ́. Ẹ tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, kí ẹ to àgbàdo lé e pẹ̀lú èyí tó kù lára rẹ̀. Omi kànga àti bohó wa níhìn-ín sábà máa ń níyọ̀ tàbí kó pọ́n bí ìpẹtà. Omi inú ọ̀rá méjì tàbí mẹ́ta tó, nítorí ooru ni yóò se púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ dé e pa. Èyí tó rọ̀ dáadáa á jiná láàárín bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i tó bá kù díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń da ṣúgà sínú omi, ẹ sinmi. Ṣúgà ò lè sọ àgbàdo tó ti gbó di ọ̀dọ́.

Owó wa wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gáàsì tí a fi ń se àgbàdo gbígbó fún wákàtí méjì, owó oúnjẹ wa ni. Iye tí a ń san nítorí ọ̀rá àti fíríìjì, ìyá tó jí ní ìdájí láti to àtẹ rẹ̀ sí Ajah ni kò rí i gbà. Ká tó pe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ohun tí kò dára, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rà á àti bí wọ́n ṣe ń sè é.