Idà Kò Mọ Aláìmọwọ́mẹsẹ̀

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, ìjọba Saudi Arabia pa obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan ní ìlú Mẹ́kà nítorí oògùn olóró. Ní òpin oṣù náà gan-an, wọ́n dá akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan láti Kano sílẹ̀, ẹni tí wọ́n ti tì mọ́lé níbẹ̀ láti oṣù Kejìlá ọdún 2018. Àwọn ọ̀daràn ní pápákọ̀ òfurufú Kano ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sára àpò tí tramadol wà nínú rẹ̀.

Lábẹ́ òfin Ṣàríà ti ilẹ̀ náà, ẹbí ẹni tí a pa lè dárí ji apànìyàn, kí wọ́n sì gba owó ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀sùn oògùn olóró, kò sí ẹbí tí yóò dárí jì. Ọwọ́ adájọ́ àti ọba ni ẹ̀mí ẹlẹ́jọ́ wà.

A kò gbè sẹ́yìn àwọn tí ń ta oògùn olóró. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni adájọ́, ó sì lè ṣìnà. Ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n ṣeé ṣí. Ẹ̀mí tí idà gbà kò ṣeé dá padà. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà fún àwọn tí ń dúró de ikú, kí àwọn aláṣẹ wa sì tètè máa gbèjà ọmọ wọn lókèèrè.