Ẹ Má Yọ Ìjánu Lẹ́nu Ẹ́ńjìnnì

Ẹ̀yin tí ẹ ní jẹnẹrétọ̀ onídíísù nínú ọgbà, ẹ̀yin tí ẹ sì ń tún un ṣe, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ogójì ọdún ni mo fi jókòó ti ẹ́ńjìnnì. Ariwo wọn ti gba etí ọ̀tún mi, ṣùgbọ́n ojú mi ṣì ríran, ohun tí mo sì ń rí báyìí kò dára: àwọn ọmọ iṣẹ́ wa ń yọ ìjánu lẹ́nu ẹ́ńjìnnì, àwọn tó ni ín sì ń sanwó fún wọn lé e lórí.

Sólẹ́nọ́ìdì tó ń pa epo ni mò ń pè ní ìjánu. Kò tóbi tó agolo mílíìkì. Ara pọ́m̀pù tó ń ta epo sí nọ́sù ló wà. Bí iná bàtìrì bá dé ibẹ̀, ọ̀pá inú rẹ̀ á fà sẹ́yìn, ọ̀nà epo á ṣí. Bí iná bá lọ, sípíríńgì á tì í padà, epo á dá, ẹ́ńjìnnì á dákẹ́. (Irú kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tí iná bá wọ̀ ọ́ gan-an ló ń pa epo. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó wà níwájú òun, kó má fọwọ́ kàn án.) Díísù kò lo pulọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Ooru afẹ́fẹ́ tí písítìnì fún pọ̀ ló ń dáná sí epo rẹ̀. Ti pẹtiróòlù, ẹ gé iná pulọ́ọ̀gì, ó parí. Ti díísù, àfi kí ẹ fi ebi pa á.

Báyìí ni ìwà náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, sítátà á máa yí ẹ́ńjìnnì, kò ní dáhùn, èéfín kankan kò sì ní jáde. Ọmọ iṣẹ́ á dé, á tú sólẹ́nọ́ìdì, á yọ ọ̀pá inú rẹ̀ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, á dá òfìfo rẹ̀ padà. Òmíràn á fi wáyà de ọwọ́ epo, èyí tí irú sólẹ́nọ́ìdì mìíràn ń fà, mọ́ ibi tó ti ṣí. Ẹ́ńjìnnì á dún, gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́. Làpálàpá ni wọ́n wò, wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀. Torí ọ̀pá yẹn náà ni ọwọ́ tí páńẹ́ẹ̀lì fi ń pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọ́ìlì bá gbẹ tàbí tí omi bá hó.

Wọ́n pè mí sí gbọ̀ngàn ayẹyẹ kan lọ́jọ́ kan. Bẹ́líìtì já, ooru gòkè, páńẹ́ẹ̀lì tan iná pupa, ó gé iná sólẹ́nọ́ìdì bó ṣe yẹ. Ẹ́ńjìnnì kò dá a lóhùn, ó ń sáré lọ títí ó fi nọ́ọ̀kì. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ti lọ jẹun. Nígbà tí mo tú àpótí irinṣẹ́ wọn, mo bá ọ̀pá náà nínú ọ̀rá, ó mọ́ tónítóní, kò sóhun tó ṣe é.

Ìwádìí ìdí tí ẹ́ńjìnnì kò fi dáhùn láàárọ̀ kò le. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sójú iná, ẹ tẹ́tí: ọ̀pọ̀ sólẹ́nọ́ìdì á dún “kọ́”, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń dúró de sítátà. Bí kò bá dún, ẹ gbé mítà sẹ́nu wáyà rẹ̀. Bí iná fóòtì 12 tàbí 24 bá dé ibẹ̀ tí kò mira, ẹ wo wáyà áàtì kí ẹ tó dá a lẹ́bi. Bí iná kò bá dé, fíúsì ni, tàbí rílè, tàbí wáyà tí eku jẹ. Bàtìrì tó ti gbó náà máa ń tan ènìyàn: sítátà á gba gbogbo agbára rẹ̀, kò ní ṣẹ́ kù fún sólẹ́nọ́ìdì.

Èyí tó ń jóná léraléra ni kí ẹ gbọ́ dáadáa. Kọ́ìlì méjì ló wà nínú ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fa ọwọ́ epo. Ọ̀kan ń fi iná púpọ̀ fa ọ̀pá fún ìgbà bíńtín, ìkejì ń fi iná díẹ̀ dì í mú. Bí ọwọ́ epo bá ti dógùn-ún, tí ọ̀pá kò wọlé tán, kọ́ìlì tó ń fà kò ní sinmi, yóò jó. Mo mọ ilé kan tó ra mẹ́ta láàárín oṣù méjì, tí wọ́n ń bú ọlọ́jà pé ayédèrú ló tà fún wọn. Ọ́ìlì díẹ̀ lára ọwọ́ epo ló parí ẹjọ́ náà.

Ọwọ́ ẹ̀yin tí ẹ ni jẹnẹrétọ̀ kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Ẹ̀yin lẹ ń pariwo pé “ṣáà jẹ́ kó tàn”, ọmọ iṣẹ́ sì mọ̀ pé bí òun bá ní kí ẹ ra tuntun, ẹ ó pe ẹlòmíràn.

Lálẹ́ òní, ẹ yọ gbogbo ẹrù kúrò lórí jẹnẹrétọ̀ yín, ẹ jẹ́ kó tutù fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́ pa. Ẹ máa ka ení, èjì. Bí ẹ bá ka ogún tó ṣì ń dún, ẹ pe rẹwáyà lọ́la, kí ẹ sì dúró tì í títí yóò fi ṣe é tán.