Kí Ni Ó Ń Dun Màmá? Ọ̀rọ̀ Lórí Àgbàlagbà Tó Ń Pariwo Àti Oògùn Oorun

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí kan gbogbo ẹni tó ní òbí tó ti ń ṣarán, ó sì kan àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà nílùú Ọba.

Bí àgbàlagbà bá ń pariwo lóru, tó ń lu ẹni tó fẹ́ wẹ̀ fún un, tàbí tó ń wá bí yóò ṣe jáde kiri, ohun tí àwọn ènìyàn máa ń béèrè lọ́wọ́ àwa apòògùn ni oògùn tí yóò jẹ́ kó sùn. Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni: kí ni ó ń dun Màmá?

Ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń rà lè má lè sọ pé inú ń run òun. Ariwo ló kù fún un. Àrùn inú ilé ìtọ̀, ìgbẹ́ tí kò jáde fún ọjọ́ mélòó kan, eyín ríro, òùngbẹ, etí tó di: èyíkéyìí nínú wọn lè sọ ẹni jẹ́jẹ́ di oníjà. Bí ìwà rẹ̀ bá sì yí padà láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ má pè é ní arán. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kíákíá.

Oògùn fúnra rẹ̀ lè wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Piriton àti Phenergan, tí àwọn kan ń rà nítorí pé ó ń kunni lóorun, lè da orí àgbàlagbà rú, kí ó sì ṣòro fún un láti tọ̀ tàbí láti yàgbẹ́. Valium máa ń pẹ́ nínú ara wọn. Bí Bàbá bá dìde lóru láti lọ tọ̀, ó lè ṣubú, egungun itan tó bá ṣẹ́ sì lè má jẹ́ kó rìn mọ́.

Àwọn oògùn àrùn ọpọlọ, bíi haloperidol, tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2005, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé àwọn tuntun nínú wọn ń mú kí ikú pọ̀ sí i láàárín àgbàlagbà tí iyè wọn ń rà. Ní 2008, wọ́n fi àwọn ti àtijọ́ kún ìkìlọ̀ náà. Ní 2009, Ọ̀jọ̀gbọ́n Sube Banerjee ṣírò fún ìjọba ìlú Ọba pé nǹkan bí 180,000 irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ló ń lo oògùn wọ̀nyí níbẹ̀, àti pé wọ́n ń fi nǹkan bí 1,800 ikú kún ti tẹ́lẹ̀ lọ́dọọdún.

Ẹni tí wọ́n ń gbá létí, tí kò sì sùn fún ọ̀sẹ̀ kan, lè ní n kò mọ ohun tí ojú òun ń rí. Òótọ́ ni pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìgbà kan sì wà tí oògùn pọndandan, bí ẹni náà bá fẹ́ ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe. Ṣùgbọ́n dókítà ni kó kọ ọ́, ní ìwọ̀n tó kéré jù lọ, kó sì máa tún un yẹ̀ wò, ó pẹ́ tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà. Ẹni tó bá ti ń lò ó, kó má dá a dúró lójijì láìsọ fún dókítà.

Kí la wá lè ṣe? Ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ àkókò tí ìjà bẹ̀rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, àti ẹni tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà ìwẹ̀ ni, bóyá omi ló tutù, tàbí ọkùnrin ni wọ́n ní kó wá tú Alhaja sí ìhòòhò. Ta ni kò ní jà? Bó bá jẹ́ ìdájí, bóyá ìrun àsùbáà ni Bàbá jí fún. Ẹ bu omi àlùwàlá fún un, kí ẹ jẹ́ kó kọjú sí kíbúlà. Bó bá jẹ́ ìgbà mọ̀gáríbì, ẹ tan iná kí ilẹ̀ tó ṣú.

Allah kọ̀ fún wa nínú Suuratul Israa'i pé kí a má tilẹ̀ pòṣé sí òbí tó dàgbà lọ́dọ̀ wa. Ǹjẹ́ ó wá yẹ kí a fi oògùn pa wọ́n lẹ́nu mọ́? Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹgbẹ́ obìnrin mọ́sálásí, ẹ máa lọ jókòó ti àwọn àgbà yìí fún wákàtí méjì, kí ẹni tó ń tọ́jú wọn lè sùn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kó gbogbo oògùn Màmá sínú ọ̀rá kan, títí kan àgbo, kí ẹ gbé e tọ apòògùn tó wà nítòsí yín lọ kó yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí Allah fún wa ní sùúrù. Àmín.